Finisterre, Muxía tàbí A Coruña: etíkun wo ló yẹ ẹsẹ̀ tó ti rìn dé Santiago?

Ẹ ti fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò mímọ́ dé Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Sípéènì, ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí, ẹ ti gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn pẹpẹ lọ dì mọ́ ère Jákọ́bù Mímọ́, ìtẹ́lẹ̀ bàtà ti jẹ tán, orúnkún sì ń ké. Ọjọ́ kan péré ló kù kí ẹ wọ bàálù. Láàárín àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń múra de 2027, ọjọ́ kan yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ju gbogbo ìrìn náà lọ. (Ọdún mímọ́ ni 2027 ní Santiago, nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni 25 oṣù Keje, àjọ̀dún Jákọ́bù, bọ́ sí.) Gbogbo wa la gbà pé etíkun ni ká ti lọ sinmi. Etíkun wo gan-an ni ẹnu wa ò tíì kò lé lórí.

Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Finisterre, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fisterra, wà ní nǹkan bí 90 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Santiago. Muxía (ẹ pè é ní Muṣía) jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lápá àríwá Finisterre. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín àwọn méjèèjì. A Coruña ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú ńlá, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbéni láti Santiago débẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn alágbára kan wà tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Santiago dé Finisterre ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí wọ́n máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá ti rìn láti Sarria, ìlú tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, tó ti fi ẹsẹ̀ na ohun tó lé ní 110 kìlómítà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀nà náà síbí, yóò ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, yóò sì tún ṣẹ́ kù, ọkọ̀ ni kí ó wọ̀ lọ sinmi.

Èrò tèmi rèé, kí n má fi yín ṣe wàhálà: bí ẹ bá máa sùn létí òkun, ẹ lọ sí Muxía. Bí ẹ bá máa padà sí Santiago lọ́jọ́ náà, Finisterre ni, ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó sí etíkun Langosteira, kí ẹ sì fi ilé iná atọ́nà ọkọ̀ òkun tó wà lórí òkè sílẹ̀. Bí bàálù yín bá jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí tí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bá wà láàárín yín, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí A Coruña.

Oòrùn tí kì í tètè wọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jà fún Finisterre, fọ́tò ló rí. Oòrùn tó pọ́n bí ẹyin iná, tó ń rì sínú Òkun Àtìláńtíìkì, ọkùnrin kan jókòó lórí àpáta, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tò náà kò sọ aago tí wọ́n yà á.

Nílé wa níbí, ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ká tó wí ká tó fọ̀ lẹ́yìn aago méje alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ní Galicia, ẹkùn ilẹ̀ Sípéènì tí Santiago àti etíkun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, láti ìparí oṣù Kẹfà wọ oṣù Keje, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ fi máa kọjá. Ohun tó fà á ni pé aago àárín gbùngbùn Yúróòpù ni ilẹ̀ Sípéènì ń lò, yàtọ̀ sí àwọn erékùsù Canary, bẹ́ẹ̀ ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn pátápátá ni Galicia wà. Aago wọn ti lọ, oòrùn wọn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá ro ó wò: ọkọ̀ tó ń padà sí Santiago ti lọ tipẹ́tipẹ́ kí oòrùn tó sún mọ́ omi. Ẹni tó lọ ní àárọ̀ tó sì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn tó máa rí yóò dàbí ti aago mẹ́rin ọ̀sán ní Akẹ̀sán. Yóò ti náwó, kò sì ní rí ohun tó tìtorí rẹ̀ náwó.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe “ìlú wo ló dára jù?” Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ máa sùn níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ oòrùn kúrò nínú ẹ̀, ìpinnu á sì rọrùn.

Bí ẹ bá sì máa sùn, ẹ tún wo ọ̀nà. Láti àárín ìlú Finisterre dé ṣóńṣó ilẹ̀ níbi tí ilé iná wà, kìlómítà mẹ́ta tó ń gòkè ni, ẹ sì tún máa fẹsẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì nínú òkùnkùn. Ọdún 1853 ni wọ́n kọ́ ilé iná náà láti máa tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 0,00 kìlómítà sí lára, bàtà onídẹ kan wà lórí àpáta, èrò sì máa ń tò láti ya fọ́tò nídìí méjèèjì. Àwọn arìnrìn-àjò a máa sun aṣọ tàbí bàtà tí wọ́n fi rìn níbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n ti kà á léèwọ̀ báyìí, iná ti jó igbó ibẹ̀ rí. Ẹ má tìtorí àṣà ra ìjàngbọ̀n.

Ní Muxía, ilé ìjọsìn tó dojú kọ òkun kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú láti àárín ìlú, ọ̀nà náà sì tẹ́jú ju ti Finisterre lọ. Oòrùn kan náà ni, òkun kan náà ni, orúnkún nìkan ni yóò mọ ìyàtọ̀.

Ọmọlúwàbí àti jàǹdùkú

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Tákíé bi mí lẹ́yìn ìpàdé wa pé, “Ọmọ mi, ṣé omi yẹn ò ní wọ́ mi lọ báyìí?” Mo ní, “Màmá, etíkun méjì ló wà ní Finisterre. Ọ̀kan jẹ́ ọmọlúwàbí, ọ̀kan jẹ́ jàǹdùkú. Ọ̀dọ̀ ọmọlúwàbí ni a ń lọ.”

Langosteira ni ọmọlúwàbí. Inú apá òkun tó wọ ilẹ̀ ló wà, ó dojú kọ ìlà-oòrùn, ilẹ̀ tó yọ síta sínú òkun sì ń gba atẹ́gùn àti ìgbì sára fún un. Iyanrìn rẹ̀ funfun, ó gùn ju kìlómítà méjì lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó fẹsẹ̀ rìn wá ń gbà wọ ìlú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ́ bàtà, tí wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń ṣa ìkarahun. Jàǹdùkú ni Mar de Fóra, ní ẹ̀yìn ìlú lọ́hùn-ún. Ó rẹwà ju Langosteira lọ, mi ò ní purọ́, àmọ́ ojú agbami ló kọ sí tààrà, omi rẹ̀ sì ń fa ènìyàn. Ẹ dúró lókè kí ẹ wò ó. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, òkun yìí sì ti ní orúkọ burúkú tipẹ́: ní 1870, ọkọ̀ ogun òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ HMS Captain rì nítòsí Finisterre, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní 450 lọ. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí àsíá pupa létíkun, ọ̀rọ̀ ti tán. Àsíá ofeefee, kí ẹ má kọjá orúnkún. Àwọ̀ ewé, ẹ wọlé.

Ẹ má retí òkun Èkó o. Òkun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí ìlù ń dún létí rẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ná sí súyà, tí ẹlẹ́ṣin ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ya fọ́tò, tí ẹnìkan sì ti gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì. Ní Sípéènì, òfin 1988 ti sọ pé ti gbogbo ènìyàn ni etíkun, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè kọ́bọ̀. Súyà náà ò sì sí. Omi ibẹ̀ tutù rinrin, nígbà ẹ̀rùn wọn pàápàá kì í sábà kọjá 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá ló ń gbá omi òkè lọ sójú agbami, omi tútù ìsàlẹ̀ á wá gòkè wá dí àyè rẹ̀. Omi tútù yẹn náà ló ń gbé oúnjẹ ẹja wá, ìdí nìyẹn tí ẹja fi pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Òtútù yẹn gan-an ni oògùn ẹsẹ̀ tó wú. Ìléròrò tí kò tíì bẹ́, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara á tù yín. Èyí tó ti bẹ́, ẹ má jẹ́ kí iyanrìn wọ̀ ọ́. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bò ó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí iyanrìn rárá, nítorí ìkarahun lè gé e kí ó má mọ̀. Sálúbàtà ò wúwo nínú báàgì.

Lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, Muxía kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Àpáta ló yí ilé ìjọsìn ibẹ̀ ká, ìgbì a máa fò gun orí rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀. Etíkun Lourido wà lẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n agbami ni òun náà kọjú sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí òkun bo òun dé ọrùn, Langosteira ni kó lọ.

Kí ló dé tí mo fi tún ń yin Muxía?

Nítorí ohun tí a tìtorí rẹ̀ jáde nílé ni. Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé nígbà tí Jákọ́bù ń wàásù ní ilẹ̀ náà, tí etí àwọn ènìyàn di, tí ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì, Màríà Wúńdíá wọ ọkọ̀ olókùúta wá bá a létí òkun láti gbà á níyànjú. Àwọn àpáta ńlá iwájú ilé ìjọsìn náà ni wọ́n ní ó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ ọ̀hún. Pedra de Abalar ni ara ọkọ̀. Pedra dos Cadrís, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo bí ẹnu ọ̀nà kékeré, ni aṣọ ìgbòkun. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn a máa rá gba abẹ́ Cadrís kọjá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé báàgì lẹ́yìn láti Sarria, ta ni ẹ̀yìn ò ní dùn? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ wa á ní èyí ti fẹ́ jọ ti ilé àwọn baba wa jù. Kí wọ́n lọ bi Fádà.

Ẹ jókòó sórí àpáta ibẹ̀ díẹ̀. Òkun ń bú, ẹ ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yín àfi tó bá sún mọ́ yín, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu gbogbo yín fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó lórí àpáta ní Orí Òkè Ìkòyí rí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mò ń wí.

Ibẹ̀ sì ti rí nǹkan. Ní oṣù Kọkànlá 2002, ọkọ̀ epo kan tó ń jẹ́ Prestige já sí méjì lójú òkun wọn, ó rì, epo dúdú tó ju ẹgbẹ̀rún 60 tọ́ọ̀nù lọ ya wọ etíkun, Muxía ló sì kọ́kọ́ jẹ nínú ìyà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ibi gbogbo wá, wọ́n fọwọ́ kó epo kúrò lára àpáta. Òkúta ràbàtà kan tó là sí méjì, A Ferida, tó ga ní mítà 11, ni wọ́n fi ṣe ìrántí rẹ̀ lókè ilé ìjọsìn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn Ògoní ò ní wò ó gba ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Kérésìmesì 2013, àrá sán lu ilé ìjọsìn náà, iná sì jó inú rẹ̀ àti pẹpẹ. Wọ́n ti tún un ṣe.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò rí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wa. Létí ìlú, ẹ máa rí igi gbọọrọ tí wọ́n tò sára wọn, tí wọ́n sì ń sá ẹja kọ́ sí lórí. Ẹja gígùn tó jọ ejò ni, tí wọ́n ń pè ní congrio. Wọ́n á là á, wọ́n á ya á pẹrẹsẹ, wọ́n á dá a lu níhò níhò bíi aṣọ léèsì kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí iná, kò sí èéfín, atẹ́gùn òkun ló ń gbẹ ẹ́. Tó bá gbẹ tán, ìlú kan tó ń jẹ́ Calatayud, tó jìnnà sí òkun, ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ jù. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ pańla dàgbà láìrí òkun rí á dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ọkọ̀

Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Santiago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ ò ní ṣìnà. Bọ́ọ̀sì Finisterre pọ̀ lóòjọ́. Èyí tó yára kì í ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, èyí tó ń gba etí òkun láti Muros lè tó mẹ́ta, kọ́nà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń bì kó jókòó síwájú. Bọ́ọ̀sì Muxía kò pọ̀ rárá, ti òpin ọ̀sẹ̀ tún kéré sí i. Ẹ béèrè aago ìpadàbọ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìlọ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ jọ dá owó takisí láti Finisterre sí Muxía, ó yá ju kí ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn lọ.

Àwọn oníléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì gbé ènìyàn yí gbogbo rẹ̀ ká lọ́jọ́ kan: ìtàkìtì omi Ézaro, níbi tí odò Xallas ti ń já bọ́ létí òkun, Finisterre, Muxía, àti afárá àtijọ́ kan lọ́nà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ máa rí nǹkan, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan síbí, ogójì ìṣẹ́jú sọ́hùn-ún, “ẹ tètè wọlé o, ọkọ̀ ń lọ”: ẹsẹ̀ tó ti rìn wálé kò bẹ̀bẹ̀ fún èyí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè gbé ibì kan jókòó ni mo fi í sílẹ̀ fún.

A Coruña

Kò sí ìtàn ìyanu níbẹ̀, kò sì sí òkúta 0,00. Etíkun Riazor àti Orzán wà láàárín ìlú, pẹ̀lú àga ìjókòó, ilé ìtura, ilé oògùn àti ọkọ̀ ojú irin tó ń padà ní gbogbo ìgbà. Torre de Hércules, ilé iná tí àwọn ará Róòmù kọ́, ṣì ń tan iná títí di òní, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2009. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ní alẹ́ 23 oṣù Kẹfà, ẹ máa bá iná tí wọ́n ń dá sórí iyanrìn fún àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́. Nǹkan tó kù, ìlú ńlá ni. Ó dùn, kò sì ní yọ yín lẹ́nu.

Oúnjẹ

Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pulpo ni wọ́n máa gbé wá fún yín, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n sè, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé sórí àwo onígi, tí wọ́n da òróró ólífì àti iyọ̀ lé. Nǹkan pupa tí wọ́n bù wọ́n ọn lórí jọ ata, kò ta. Ẹ mú ata gígún yín lọ́wọ́. Finisterre dára fún ìṣáwùrú gígùn tí wọ́n ń pè ní longueirón, ẹ lè jẹ ẹ́ ní èbúté kí ẹ máa wo àwọn apẹja. Percebes, ẹ̀dá òkun kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ẹ bi iye tí wọ́n ń tà á kí ẹ tó jókòó: ẹ̀mí ni àwọn tó ń já a lára àpáta fi ń ta tẹ́tẹ́, owó rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ọbẹ̀ kó béèrè caldo, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó, èyí ló sún mọ́ ilé jù.

Ẹ ṣọ́ra fún aago oúnjẹ. Ọ̀sán wọn di aago méjì, alẹ́ wọn di mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ilé ìdáná sì máa ń ti láàárín. Ọmọ Ajílété tó ti mọ́ lára pé aago méje ni òun ń jẹun alẹ́, kó ra búrẹ́dì àti sàdín pamọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Àwọn tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí míì: Finisterre ń fúnni ní Fisterrana, Muxía ń fúnni ní Muxiana, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tó sì ní òǹtẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kó má lọ to sórí ìlà.

Lórí físà, ẹ ka òru etíkun mọ́ ọjọ́ tí ẹ béèrè, kí ìwé ibùsùn rẹ̀ sì wà lára ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀. Ẹ má fi í pamọ́ pé ẹ ó wò ó tí ẹ bá débẹ̀. Muxía kéré, ibùsùn rẹ̀ ò pọ̀, àjọ̀dún ńlá ilé ìjọsìn etí òkun náà sì wà nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọjọ́ ìbí Màríà. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí àsìkò yẹn ní 2027, ẹ gba yàrá kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.